Omi Bùpá Kì Í Ṣe Omi Ògì

Bí ẹ bá rí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ní Adó-Èkìtì, tàbí ní àwọn ìlú tó yí i ká, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ká apá aṣọ òsì rẹ̀ sókè. Bí àpá roboto kan bá wà níbẹ̀, tó jin díẹ̀, tí ojú rẹ̀ ò dán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi Ràímì ni mo fi í síbẹ̀. Iṣẹ́ abùpá, ẹni tó ń fi oògùn àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná sí èèyàn lápá, ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láyé ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé máa ń sá fún mi lójú títì, àwọn ìyá wọn a sì máa fi mí dẹ́rù bà wọ́n pé, "Bó ò bá dákẹ́, màá pe Ràímì Abùpá." Orúkọ yẹn ò dùn mọ́ mi rárá nígbà èwe mi. Nísinsìnyí ó ti mọ́ mi lára.

Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé máa ń wá jókòó tì mí. Wọ́n á ní, Bàbá, a fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, a fẹ́ wọ aṣọ funfun. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí wọ́n ṣe há a sórí, wọn ò ní í ṣì í lọ́rọ̀ kan. Èmi ò há a sórí. Ibi tí mo ti kọ́ ọ kò dára, ẹlòmíràn ló sì jìyà rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún yín yìí, kí ẹ wò ó kí ẹ tó yan iṣẹ́.

Télọ̀ ni bàbá mi, mùsùlùmí tó ń kírun márùn-ún láì dín ọ̀kan. Ìyá mi ń ṣe ògì nínú àgbàlá kan náà, nítorí náà ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ àti òórùn omikan, omi kíkan orí ògì, ni mo fi ń jí láàárọ̀. Ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́ ni bàbá mi fi mí sí. Nígbà tí àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí bi í léèrè pé kí ló dé, ó ní ìwé ò ní ẹ̀sìn, ẹni tó bá kọ́ ọ ló ni ín. Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Ọkùnrin kan tó ń ṣàkóso ilé oògùn wa ní Adó wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ bàbá mi, ó rí mi tí mo ń kàwé, ó ní kí n ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ti i bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní òun ń wá ẹni tó mọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọdún 1920 ti ń lọ sópin nígbà náà, lọ́rì ò sì tíì pọ̀ ní Adó. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, kò ní kí n gàn án, kò sì ní kí n yìn ín.

Ọ̀gá Kúyẹ̀ ni orúkọ ọkùnrin náà, ará Abẹ́òkúta. Ó ga, ó tín-ín-rín, kọ́là aṣọ rẹ̀ a sì máa le bí páálí. Kò nà mí rí. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń nà mí. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi fọ ìgò, tí mo fi ń se abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ nínú omi gbígbóná. Láràárọ̀ á ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á tẹ orí ba, á gbóòórùn wọn bí ẹni tó ń ra ẹja lọ́jà. Bó bá gbóòórùn ọṣẹ, á kọjá lọ. Bó bá gbóòórùn ohun mìíràn, á ní, "Ràímì, o tún ti bọ ẹnì kan lọ́wọ́ kí i kúuṣẹ́ lọ́nà." Ọ̀nà tí à ń gbà kí ara wa kúuṣẹ́ ní Èkìtì ló kọ́kọ́ kọ́ sọ nílùú wa, ó sì máa ń fi í ṣe wá yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun èlò ìbùpá, òfin kan ló tẹ̀ mọ́ mi létí. Omi bùpá máa ń wá láti Èkó nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, tí wọ́n ti dí lẹ́nu lọ́tùn-ún lósì. Ó ń wọ rélùwéè dé Òṣogbo, ó ń wọ lọ́rì dé ọ̀dọ̀ wa, àwa a sì gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tí a fi iyanrìn tútù yí ká, nítorí oòrùn ń bà á jẹ́. Bí a bá fẹ́ lò ó, a ó fi iná sun abẹ́rẹ́, a ó wá ka oókan títí dé ogún kí abẹ́rẹ́ náà tó kan omi. "Iná ń pa búburú," ni ọ̀gá máa ń wí, "ó sì ń pa rere. Bó o bá fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kan omi bùpá, òkú lo gbìn sí apá olúwarẹ̀." Bí mo bá ka eéjìdínlógún, tí mo sì nawọ́, á gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Á ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Àwọn èèyàn a sì jókòó, apá wọn níta, wọ́n á máa wò mí bí ọ̀lẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ó gbé máíkírósíkópù jáde, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí dókítà òyìnbó kan fi sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé. Ó ní kí n bu omikan wá láti inú ìkòkò ògì ìyá mi. Ó kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, ó ní kí n wò ó. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pá kéékèèké ló kún ibẹ̀, àwọn kan dá dúró, àwọn kan so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní kí n mú ọ̀kan kí n má gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ọrùn fi ń dùn mí. Ọ̀pá náà gùn díẹ̀díẹ̀, ìbàdí rẹ̀ wọlé, nígbà tó yá ọ̀kan ti di méjì.

"Kòkòrò tí à ń pè ní bakitéríà nìyẹn," ni ọ̀gá wí. "Kò lọ́kọ, kò láya. Bó bá ti róúnjẹ, tó rómi, tí ibẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jẹun, á tóbi, á pín. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Àwọn wọ̀nyí ò ṣeni níbi, àwọn ló ń mú ògì kan. Àwọn ìbátan wọn ló ń mú ojú egbò ṣọyún."

Inú mi dùn débi pé mo ní ká wo omi bùpá pẹ̀lú. Ó rẹ́rìn-ín, ohun tí kò wọ́pọ̀. Ó ní, "O ò ní í rí i. Ìyá rẹ ń sẹ́ ògì, àbí? Èèrí á dúró lórí asẹ́, ògì á kọjá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi asẹ́ tí wọ́n fi amọ̀ ṣe sẹ́ omi oríṣiríṣi àrùn. Bakitéríà dúró lókè. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn kan wà tí ohun tó ń fà wọ́n bá omi kọjá. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ ló wà nínú omi bùpá, irú rẹ̀ náà ló ń fa ṣọ̀pọ̀nná."

"Báwo ló ṣe rí, sà?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn tó kọ́ mi náà ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú ara ààyè nìkan ló ti ń bí sí i."

Ó sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé ó sọ ọ́ fún mi. Ọkàn mi ṣì wà lára ọ̀pá tó di méjì, gbólóhùn yẹn sì gba ara mi kọjá. Nígbà tí mo dé ilé, mo ròyìn ohun tí mo rí fún ìyá mi. Ó ní, "Ọma mi, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà. Bí wọ́n bá ní kòkòrò wà nínú ògì mi, uṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn." Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ, ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí àgbàdo tuntun ò bá tètè kan, á bu omikan àná díẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, díẹ̀ ti sọ púpọ̀ di tirẹ̀. Ọgbọ́n yìí dára fún ògì. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí kò yẹ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ìròyìn dé pé àrùn náà ti wọ àwọn oko kan lápá ìlà oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ṣọ̀pọ̀nná. Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn á kàn ní, "Ó ti dé oko báyìí." Ọ̀gá gba ọ̀nà Ìyìn lọ, ó sì rán èmi nìkan sí Ìjan, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dá ṣiṣẹ́. Mo gun kẹ̀kẹ́, ìkòkò oníyanrìn wà lẹ́yìn mi, mo sì ń kọrin. Ìdí kan tún wà tí inú mi fi dùn. Ìjan ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràbí, níyàwó sí, ó sì ti bí ọmọkùnrin kan, Ganíyù, tí kò tíì pé ọdún méjì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwọ̀nba èèyàn ló yọjú. Ràbí ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tó ń ká apá aṣọ ara rẹ̀, tó ń fi àpá tirẹ̀ hàn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rọ́ dé. Mo ní kí ó kó àwọn ará agboolé rẹ̀ wá ṣáájú, ó kọ̀. "Jẹ́ kí àwọn ará ìta ṣe tán," ló wí. "Bí a bá kọ́kọ́ jókòó, wọn á ní nítorí pé a jẹ́ ará ulé rẹ la ṣe jẹ ẹ́ tán." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ẹni tó ni àlejò ló ń jẹun kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ará ìta fi máa lọ tán, ọ̀pá gíláàsì kan péré ló kù lọ́wọ́ mi, kò sì lè tó ju èèyàn méjì lọ. Àwọn mọ́kàndínlógún ló kù nínú agboolé Ràbí, Ganíyù sì wà nínú wọn.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ṣòro. Kí n bùpá fún ọmọdé méjì, kí n sọ fún àwọn tó kù pé ó ti tán, kí n gun kẹ̀kẹ́ padà lọ mú òmíràn wá. Ojú tì mí. Obìnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ mi bẹ gbogbo ìlú, kí n wá sọ fún un níwájú àwọn àna rẹ̀ pé tirẹ̀ ò sí? Ibẹ̀ ni ògì ìyá mi ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kí Ràbí fún mi ní omi ẹran ewúrẹ́. Mo sè é, mo jẹ́ kó tutù, mo dà á sínú ìgò tí mo ti fọ̀, mo sì fẹ́ omi bùpá inú ọ̀pá tó kù yẹn sínú rẹ̀. Mo gbé ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ àdògán níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi tó mọ́ gaara lánàá ti rú, ó sì ti ní òórùn díẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Mo ní ó ti bí sí i.

Mo fi í bùpá fún gbogbo wọn. Mo sun abẹ́rẹ́, mo ka ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mi ò ka eéjìdínlógún fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé Adó, ọ̀gá bi mí bóyá omi bùpá náà tó. Mo ní, "Ó tó, sà."

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Ràbí wá ta iṣu ní Adó, ó pọn Ganíyù. Apá ọmọ náà ti wú, ó pọ́n, ó sì ti ń ṣọyún. Inú ẹ̀gbọ́n mi ń dùn, nítorí èmi ni mo sọ fún un pé apá máa wú bí ìbùpá bá gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ àkókò iṣẹ́ mi. Ìbùpá tó gbà kì í yára bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tó bí ọjọ́ márùn-ún kí ilé omi kékeré kan tó yọ, á sì gbó ní bí ọjọ́ kẹjọ. Ohun tó wà lápá ọmọ yìí ni ojú egbò tó kẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo fi oògùn sí i, mo dì í. Ràbí wá bi mí léèrè pé, "Ìyá ọkọ mi fẹ́ gbé e lọ sí oko lọ́la. Wọ́n ní nǹkan yẹn wà ní oko kejì sí tiwa, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó o ti bùpá fún un, ṣé kò séwu?"

Mo ní, "Kò séwu."

Mo ti tún ọ̀rọ̀ méjì yẹn sọ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Kò sí ohun tó le nínú kí n sọ òmíràn. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, èmi sì ta èké fún ọmọ ìyá mi ní ọ̀fẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ ni à ń padà lọ wo bí ìbùpá ṣe gbà. Ọ̀gá Kúyẹ̀ ní òun máa bá mi lọ sí Ìjan. Mi ò lè sọ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ló mú mi jẹ́wọ́. Ẹ̀rù ló mú mi, nítorí ojú rẹ̀ máa rí apá wọn. Mo gbé ìgò omi ẹran, tí ìyókù ṣì wà nínú rẹ̀, sórí tábìlì, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ẹni mélòó?" Mo ní mọ́kàndínlógún. Kò pariwo. Ó kán omi náà sábẹ́ máíkírósíkópù, ó ní kí n wò ó. Ọ̀pá, ìlẹ̀kẹ̀, oríṣiríṣi ló ń rákò níbẹ̀.

"Ìwọ lo pè wọ́n wá jẹun," ló wí. "Afẹ́fẹ́ gbé wọn wá, ìka rẹ gbé wọn wá. Oúnjẹ wà, ooru wà, wọ́n bí."

"Omi bùpá náà ńkọ́, sà?"

"Bí iyọ̀ díẹ̀ tí a dà sínú odò. Fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò lẹ́nu tó máa fi jẹ omi ẹran rẹ. Mo sọ fún ọ pé inú ara ààyè nìkan ló ti ń bí."

Òun fúnra rẹ̀ ló kó omi bùpá tó tọ́jú fún àwọn ará Ìyìn sínú ìkòkò, a sì gun kẹ̀kẹ́ lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé agboolé Ràbí, ó ní kí n dìde dúró kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Mo sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin ń kùn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ, kò jáde mọ́. Ràbí gbé Ganíyù, tó ti ti oko dé, sórí ẹsẹ̀, ó wojú mi, ó sì sọ gbólóhùn kan: "Mo bi ọ́ léèrè, Ràímì."

Ọ̀gá ló bùpá fún gbogbo wọn lọ́tun. Ó gbà lára wọn, àrùn náà ò sì mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjìdínlógún tó kù lẹ́yìn Ganíyù. Lọ́jọ́ bíi mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ara Ganíyù gbóná, ó sì yọ jáde. Oko yẹn ló ti kó o, lẹ́yìn tí mo sọ pé kò séwu. Ọ̀gá ní ìbùpá kejì tó bá a lẹ́nu àrùn ló jẹ́ kó yè. Ó yè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún lọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rí i dájú pé ojú náà ò ní í là mọ́. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

Mo rò pé ọ̀gá máa lé mi. Mo ti di ẹrù mi. Ó ní, "O fẹ́ lọ síbo? Ojú ọmọ kan ni a fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ. Mi ò lè jẹ́ kí o gbé e sá lọ." Ó dá mi padà sídìí ìgò fífọ̀ fún ọdún kan. Láàárín ọdún náà Ràbí ò bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ní kí n wá jẹun, mo sì lọ.

Ohun tó kù nínú iṣẹ́ mi, irinṣẹ́ ló ń yí padà. Ìkòkò oníyanrìn lọ, fíríjì tó ń lo kẹrosíìnì dé. Lẹ́yìn náà omi bùpá di ìyẹ̀fun gbígbẹ tó lè fara da oòrùn. Mo rántí ìkòkò mi, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Kúyẹ̀ kú kí wọ́n tó rí ohun tó sọ pé òun ò mọ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ló mú ìwé kan wá tí àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ju máíkírósíkópù wa lọ yà. Fáírọ́ọ̀sì ṣọ̀pọ̀nná rí bí bíríkì amọ̀.

Bó ṣe yé mi sí nìyí. Ilé odidi ni bakitéríà. Ó ní ògiri, ó ní awọ lábẹ́ ògiri, omi ara rẹ̀ wà nínú, ohun tó fi ń sọ oúnjẹ di ara wà nínú omi náà, okùn tí àṣẹ àjogúnbá rẹ̀ wà lára rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá fẹ́ bí, á ṣe okùn yẹn ní méjì, á mọ ògiri sáàárín, á pín. Fáírọ́ọ̀sì ò ní ilé, kò ní ààrò. Okùn àṣẹ ni, tí wọ́n fi ẹ̀wù puroteni wé. Ẹ rántí akódà ayé ọjọ́un, ìránṣẹ́ ìjọba tó máa ń mú ìwé ajẹ́lẹ̀ wọlé, tí gbogbo ará ilé á pa iṣẹ́ wọn tì, tí wọ́n á máa sè fún un. Ìwé yẹn nìkan ni fáírọ́ọ̀sì. Ó kéré gan-an sí bakitéríà. Kì í dàgbà, kì í pín sí méjì. Á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara wa, tí òun náà jẹ́ ilé odidi, sẹ́ẹ̀lì á pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì, á máa tẹ irú ìwé náà jáde ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, títí ilé fi máa wó, tí wọ́n á tú síta lọ wá ilé mìíràn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn èèyàn jà nígbà tí abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì dé. Ó wo ojú egbò san lọ́nà tí a ò rí irú rẹ̀ rí, nítorí kì í jẹ́ kí bakitéríà rí ògiri rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn, tó jẹ́ iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì, kò ní ògiri tí ẹnikẹ́ni máa wó. Àwọn àgbà ọkùnrin á wá, imú wọn ń dà, wọ́n á ti tú ìdí sílẹ̀ dè mí. Mo máa ń dá wọn padà. Wọ́n ní mo láhun.

Ganíyù wá kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi, ní àgbàlá tí mo dàgbà sí. Ojú kan ló fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, kì í sì í tì í lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tó ọmọ ogún ọdún, mo pè é jókòó láti sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní ìyá òun ti sọ ọ́ tipẹ́, òun kàn ń retí ìgbà tí èmi máa sọ ọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tó gbéyàwó tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, ó gbé ọmọ náà wá sí ilé oògùn. Àwọn abùpá mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn dá a lóhùn. Ganíyù ní rárá, èmi lòun gbé e wá fún. Ó jókòó, ó ká aṣọ ọmọ náà sókè, ó di apá kékeré náà mú. Mo sun abẹ́rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní oókànlá mo gbójú sókè wo ojú rẹ̀ ọ̀tún, ìṣirò mi sì dàrú. Ganíyù ló bá mi ka ìyókù sókè, ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́, kò fo ọ̀kankan, títí ó fi pé ogún.

Ó ní, "Ẹ bù ú, Bàbá. Ojú kan tó kù yìí ni mo fi ń wò yín."

Mo bù ú. Ó tún gbé e padà wá lọ́jọ́ kẹjọ, a jọ tú u wò, ó sì gbà.